Iyùn Tí Bàbá Ọdúntán Fi Ẹtù Bò

Àkànó oníwáyà, ọmọ Òkè-Baálẹ̀ l'Óṣogbo, kò sí ohun tí a bi í tí kì í ní èsì. Ní ọ̀sán Sátidé kan ní 1995, ó ń fa wáyà sí ilé kan n'Iléṣà nígbà tí Bàbá Ọdúntán, òṣómàáló tó ti fẹ̀yìn tì, pè é wọ pálọ̀ nílé kejì. Àpótí gíláàsì ńlá kan wà níbẹ̀, ó jìn bí kànga, aṣọ ẹtù sì bò ó látòkè délẹ̀.

"Bàbá, òkú ta nìyí?"

"Òkú kọ́, ọmọ Òṣogbo. Iyùn ni, iyùn alààyè láti inú òkun! Tiwátọ́pẹ́ ọmọ mi, tó ń fi wọ́n kọ́ni ní yunifásítì, ló gbé wọn sí ulé mi kí ó tó rìnrìn àjò. Ó ní bí mo bá tọ́jú wọn dáadáa, òun á jẹ́ kí n bá òun tọ́jú ọmọ ọwọ́ òun ní ọlidé. Ọmọ-ọmọ mi kan ṣoṣo! Ọ̀sán yìí ló ń bọ̀, àwọ̀ wọn sì ti ṣí, wọ́n funfun bí eegun. Ẹ̀rù ń bà mí."

Àkànó kò rí irú rẹ̀ rí. Ó tajú kán rí páálí iná àpótí náà lábẹ́ tábìlì, ó fi ẹsẹ̀ fà á, ó jí i kà, ó wá wúkọ́ bí ọ̀gá.

"Jíjìn omi yìí ni wàhálà yín, Bàbá. Iná tó bá wọ omi jíjìn, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ lọ́nà. Pupa kì í dé ìdajì. Búlúù ló ń dé ìsàlẹ̀. Búlúù ni wọ́n nílò!"

Bàbá pàtẹ́wọ́. "Mo mọ̀ pé ọmọ Òṣogbo ni yóò mọ̀ ọ́n!" Ó sáré wọ yàrá, ó gbé ìkòkò aró jáde. "Ó yá, ká apá aṣọ rẹ sókè."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Kí o rẹ wọ́n láró! Aṣọ tó bá ṣí ńkọ́? Ṣebí ìlú aró lo ti wá?"

"Bàbá, mi ò rẹ aró rí láyé mi! Iná ni mò ń ṣe!"

"Kí ni uná ń wá níbí? Ọ̀tá àwọ̀ ni uná! Gbogbo ayé mi ni mo fi kiri aṣọ, n kò jẹ́ kí oòrùn kan ìgàn kan rí. Ọjọ́ tí ọmọ mi lọ ni mo ti pa uná àpótí yìí. Wọ́n ṣì ń ṣí, mo fi ẹtù bò wọ́n. Wọ́n tún ṣí sí i, mo fi ẹtù kejì lé e."

Àkànó di orí mú.

"Bàbá, iná yẹn ni oúnjẹ wọn! Ebi lẹ fi ń pa wọ́n!"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Bàbá wọra. "Ebi? Nínú ulé Ìjẹ̀ṣà? Àràárọ̀ ni mò ń ju òkèlè iyán sí wọn!"

"Iyán?"

"Mo máa ń fi ẹ̀gúsí sí i lọ́jọ́ Ìsinmi."

"Àsìtàgàfúrúlà!" Àkànó ká ẹtù méjèèjì kúrò, ó tan iná. Ìmọ́lẹ̀ búlúù là wàà. Omi ti dà bí omi ògì, òkèlè iyán sì jókòó sórí iyùn kọ̀ọ̀kan bí fìlà. Nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀kan la ẹnu díẹ̀.

"Ẹ wò ó, Bàbá! Wọn ò tíì kú tán! Ká pààrọ̀ omi, kí iná máa tàn lé wọn lórí lójoojúmọ́, wọ́n á sọjí!"

Omijé bọ́ lójú Bàbá. Ó fẹ́ dì mọ́ Àkànó. Mọ́tò fun fèrè lẹ́nu géètì.

Bàbá bẹ́ mọ́ ẹtù. "Pa uná! Pa á kíá!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, òkùnkùn ló ń pa wọ́n!"

"Jẹ́ kí ó pa wọ́n díẹ̀ sí i! Bí Tiwátọ́pẹ́ bá rí ohun tí mo fi bọ́ àwọn tí kò léyín, ta ni yóò gbé ọmọ ọwọ́ fún mi?"