Bàbá Eku àti Ife Omi Kan

Wọ́n ti tẹ eku rì sínú omi tán, Bàbá Eku ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì ti fò dìde lórí àga.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Kò ní kú."

Iṣẹ́ tó sọ ọkùnrin yìí di Bàbá Eku nìyẹn. Omi àtọwọ́dá kan wà ní yàrá ìwádìí wọn, ó mọ́ gaara bí omi ẹ̀rọ, àmọ́ wọ́n ti fẹ́ ọ́síjìn sínú ẹ̀ títí ó fi kún dẹ́nu. Eku tó bá rì sínú ẹ̀ kò ní kú, mímí ni yóò máa mí. Wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe fi ran àwọn ìkókó tí oṣù wọn kò pé lọ́wọ́, àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ò tíì gbó. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ẹ lọ ṣàlàyé ẹ̀ fún àna yín ná.

Panápaná tó ti fẹ̀yìn tì ni àna tiẹ̀, apá bàbá náà tó itan ẹlòmíì. Bàbá gbọ́ àlàyé tán nínú pálọ̀, ó ní òun ò lè fi ọmọ òun fún ẹni tó ń ri eku sómi jẹun, àfi tí òun bá fojú ara òun rí i. Ohun tó gbé e dé yàrá ìwádìí láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Tí eku bá kú, ìgbéyàwó kú.

Ẹ̀rù ò ba Bàbá Eku, torí àgbà eku ló mú wá. Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá ti wọnú omi yẹn débi pé tó bá ti rí ike, fúnra ẹ̀ ló ń ká ẹsẹ̀. Omi ọ̀hún wúwo ju omi lásán lọ, ńṣe ni eku máa ń léfòó lórí ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àǹtí tó ń tọ́jú àwọn eku fi fi asẹ́ tẹ Ọ̀gá mọ́ ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá ta ẹsẹ̀ díẹ̀. Ó dákẹ́. Àyà ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

"Ó ń mí," ni bàbá wí. Ohùn ẹ̀ rọ̀. "Ó ń mí nínú omi."

Ibi tó yẹ kí Bàbá Eku ti panu mọ́ nìyẹn.

Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Ó ní kí bàbá ṣì dúró, kó wo bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Àǹtí fa Ọ̀gá jáde, ó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ mú, ó dorí ẹ̀ kodò kí omi lè ṣàn kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró. Bàbá Eku dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń nàka bíi tíṣà.

"Ìdí lókè, orí nílẹ̀, Bàbá, kẹ́ ẹ wá máa gbá a lẹ́yìn. Kò sí ẹni tí omi wọ̀ nínú tí èyí ò ní gbà là."

Lẹ́yìn náà, wọ́n fi aṣọ ìnura tó lọ́wọ́ọ́rọ́ wé Ọ̀gá, wọ́n fi ẹ̀pà ẹyọ kan sí i lẹ́nu kó lè mọ̀ pé òun ṣe dáadáa. Ó jókòó sábẹ́ iná, ó ń jẹ ẹ̀pà ẹ̀.

Bàbá ń mi orí. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dayọ̀. Bàbá Eku gbé ife omi tó fẹ́ mu, omi ẹ̀rọ lásán, ó dà á sẹ́nu, kò sì dúró gbé e mì kó tó la ẹnu sọ̀rọ̀.

"Bàbá, nínú yàrá yìí, omi ò lè pa ẹnikẹ́—"

Kọ̀ọ́!

Omi ta á lórí.

Ẹ̀rín ń pa mí! Ọkùnrin tó ń kọ́ eku ní mímí lábẹ́ omi, omi inú ife ló fẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀. Ó ń wú ikọ́, kọ̀ọ́, kọ̀ọ́, ojú ẹ̀ yọ síta bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ó ń juwọ́ pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀, yóò kọjá. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Bàbá ti bọ́ kóòtù.

"Ìdí lókè," ló pàṣẹ.

Ó di kókósẹ̀ ọkọ ọmọ ẹ̀ méjèèjì mú gbágbá, ó gbé e sókè fẹ̀rẹ̀. Orí wálẹ̀, ẹsẹ̀ lọ sókè. Fóònù já bọ́ lápò, kọ́kọ́rọ́ já bọ́, ìyarun já bọ́. Bàbá wá ń gbá a lẹ́yìn.

Gbì! Gbì! Gbì!

Omi tó tú jáde kò kún ṣíbí. Bàbá Eku fúnra ẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ báyìí pé gbogbo ìwé tí òun kà láti kékeré ló bá a tú jáde.

Ṣé ẹ rò pé ó tán? Àǹtí tó ń tọ́jú eku, ọwọ́ ẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ jù, kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n ṣe gbé ọkùnrin náà kalẹ̀ báyìí, ó ti fi aṣọ ìnura kékeré wé e lórí, ó ti tì í sábẹ́ iná, ó ti fi ẹ̀pà ẹyọ kan sí i lẹ́nu.

Ó sì jẹ ẹ́.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀pà eku ni," ló máa ń wí tó bá ń sọ ìtàn náà, "àmọ́ inú mi dùn. Ó ṣe mí bíi pé mo ṣe dáadáa."

Bàbá dúró, ó ń wò wọ́n. Àwọn méjèèjì wà lábẹ́ iná, àwọn méjèèjì wé aṣọ ìnura, àwọn méjèèjì ń jẹ ẹ̀pà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ń wúkọ́ nínú wọn.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Bàbá Eku wí. Ó ti gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé ìyàwó ti lọ. "Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ bá ọ̀rọ̀ dé."

"Mo fún ọ lọ́mọ. Iṣẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là ni, mo ti rí i."

Inú ẹ̀ dùn, ó fẹ́ dúpẹ́, ikọ́ ò jẹ́.

Bàbá na ọwọ́ sí Ọ̀gá. "Ṣùgbọ́n ìyẹn ń bá yín lọ sílé. Ó yẹ kí ẹnì kan wà ńbẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń mí."