Kọ̀ǹpútà Bàbá Àrínọlá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti bi ara yín rí, ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọ pé òwe náà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé, ẹ ní sùúrù. Ìkirè ni mo ti gbọ́ tèmi.

Bàbá Àrínọlá ló máa ń bá ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wọn tẹ ìbéèrè ìdánwò. Ọkùnrin náà kì í sọ ìṣòro rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí bàtà bá há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹ̀rín ni yóò máa rín.

Lọ́dún kan tí ọyẹ́ mú gan-an, ó jókòó ti ìbéèrè ìṣirò. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni kọ̀ǹpútà bá ṣe fíìn, ó kú. Iná ò lọ o! Gílóòbù ń tàn, rédíò ìyàwó rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó tẹ̀ tí kò tíì fi pamọ́ ti wọgbó. Ó tún un tàn. Ó tún kú.

Ìyàwó rẹ̀ ké láti yàrá pé, "Bàbá Àrínọlá, ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan!"

Ó pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó kú. Ó ra ẹ̀rọ tó ń ṣètò iná. Ó kú. Ó wá fọwọ́ kan ara kọ̀ǹpútà náà, ó gbóná bí ìkòkò orí iná. "Ooru ni! Màá bá a fà á." Ó gbé fáànù tì í. Ó kú. Ó di omi dídì sínú ọ̀rá, ó gbé e lé e lórí bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tí ibà ń ṣe.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú. "Ṣé ara kọ̀ǹpútà yìí yá ṣá?"

"Mo ní kò sí nǹkan kan!"

Obìnrin náà mirí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Ìyáàfin Ọlátóṣìn, wá fúnra rẹ̀. "Ìbéèrè wa dà, sà?"

"Ó ti fẹ́ẹ̀ parí, mà." Ó tan ẹ̀rọ. Fíìn! Ó kú lójú gbogbo wọn.

Ara Bàbá Àrínọlá ò gbà á mọ́. Ó figbe ta: "Ìyá Àrínọlá, gbà mí! Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni nǹkan yìí ti ń kú mọ́ mi lọ́wọ́!"

"Háà! Ṣé kíkú ló ń kú? Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń pa á ni!" Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó sì ń fa àkísà yọ nínú àwọn ihò tó fi ń mí: èyí tó ya lára ìró, fóòmù ìrọ̀rí, àti síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí eruku ọyẹ́ wọ inú rẹ̀. Nígbà tí mo sì rí omi dídì lórí rẹ̀, mo tún dí i sí i, kí òtútù má bàa pa á."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ bi mí ni? Ẹ ní kò sí nǹkan kan!"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Wọ́n tan ẹ̀rọ, ó ń mí fẹ̀ẹ̀. Bàbá Àrínọlá tẹ ìbéèrè títí oòrùn fi wọ̀, kò sì kú mọ́. Àwọn ọmọ tó ti ń retí pé kò ní sí ìdánwò nìkan ni inú wọn ò dùn.

Ẹ̀yin ẹ wò ó: ọkọ dákẹ́, kọ̀ǹpútà náà dákẹ́. Ṣé irọ́ wá ni àwọn àgbà ń pa, tí wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́?