Ṣòkòtò Funfun Akọni Odò

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fún yín. Kì í jalè, kì í mutí, kì í bá ará ilé jà. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe, ó sì mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Àmọ́ kò lè sọ nǹkan kan bó ṣe rí. Bí òjò bá pa á, yóò ní àgbàrá ló gbé òun lọ. Bí ajá kan bá gbó mọ́ ọn lójú títì, kó tó délé, ajá ti di mẹ́ta, òun sì ti lé gbogbo wọn sá. Mi ò tíì rí ilé ìwòsàn tó ní oògùn rẹ̀.

Nígbà tí Màmá Nọ́ọ̀sì kó wa jọ pé kí àwa ará àdúgbò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí á máa tọ́jú odò tó wà lẹ́yìn ilé wa, ta ló kọ́kọ́ nawọ́? Bùrọ̀dá, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, ni. Ó dìde, ó fọwọ́ lu àyà.

"Ẹ má da ara yín láàmú! Inú omi ni mo dàgbà sí. Ẹja gan-an mọ̀ mí. Akọni Odò ni kí ẹ máa pè mí!"

Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. Àwa méjèèjì la mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í wọ balùwẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọ́ bá ti wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń wọlé lọ lé ọ̀pọ̀lọ́ jáde. Òun á gun àga ní pálọ̀, á máa pàṣẹ láti òkè: "Rọra o! Wo ẹsẹ̀ rẹ! Ṣé ó ti lọ?"

Ọ̀rọ̀ odò yẹn kì í sì í ṣe eré. Bí òjò bá ti rọ̀, gbogbo ọ́ìlì tó dà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì, gbogbo ọ̀rá àti páálí ojú títì, àgbàrá á gbá wọn sínú gọ́tà ńlá, gọ́tà á sì kó gbogbo rẹ̀ fún odò. Àwa ń fi réèkì kó ọ̀rá, àmọ́ réèkì kì í kó ọ́ìlì. Ohun tí Màmá Nọ́ọ̀sì ń wá ni pé kí ọ́fíìsì omi ti ìjọba gbẹ́ kòtò ńlá kan sí ẹnu gọ́tà yẹn, kí omi àgbàrá kọ́kọ́ dúró níbẹ̀, kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè silẹ̀ kó tó wọ odò. Ọdún mẹ́ta ló fi ń kọ lẹ́tà. Nígbà tí wọ́n máa dáhùn, wọ́n ní kòtò kan ṣoṣo làwọn lè gbẹ́ lọ́dún yìí, odò tó bá dọ̀tí jù ni yóò gbà á. Kí á máa wo omi wa ní gbogbo Sátidé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí á kọ ohun tí a bá rí ránṣẹ́.

Wọ́n kọ́ wa bí a ó ṣe ṣe é. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àwo funfun kan tí wọ́n so okùn mọ́. O máa rọra sọ àwo náà kalẹ̀ sínú omi. Níbi tí o kò bá ti rí i mọ́, o máa wọn okùn tó ti wọ omi; bó bá ṣe gùn tó ni omi ṣe mọ́ tó. Lẹ́yìn ìyẹn, o máa ṣí òkúta, o máa ka kòkòrò kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí inú omi tó mọ́ ni wọ́n máa ń gbé. Bí kò bá sí kòkòrò, kọ òdo. Kí oníkálukú sì di fọ́ọ̀mù tirẹ̀ sínú àpò ìwé, kí ẹnikẹ́ni má baà wo ti ẹnìkejì kọ.

Bùrọ̀dá ní ẹnu gọ́tà ńlá gan-an lòun fẹ́, pé ibẹ̀ ló le jù. Ibẹ̀ náà ni koríko ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí o kò fi ní rí ẹni tó wà níbẹ̀, àmọ́ kò sọ ìyẹn.

Tó bá di àárọ̀ Sátidé, á gbé àwo kọ́ apá, á wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, á sì kí gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, á ti padà dé, fọ́ọ̀mù á ti kún. Èmi kàn ń ṣàkíyèsí bàtà yẹn ni. Eruku ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń nù kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé. Lẹ́tà dé. Màmá Nọ́ọ̀sì kà á fún wa ní ìpàdé:

"Inú wa dùn láti sọ fún yín pé ẹnu gọ́tà ńlá yín ni omi ti mọ́ jù lọ nínú gbogbo àkọsílẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, odò mìíràn la fẹ́ fún ní kòtò. Kí a tó fọwọ́ sí i, ọ̀gá wa yóò wá fojú ara rẹ̀ rí irú omi bẹ́ẹ̀."

Màmá Nọ́ọ̀sì ká lẹ́tà náà, ó rọra jókòó. "Ọdún mẹ́ta," ló sọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé Bùrọ̀dá dìde, ó ń pàtẹ́wọ́?

"Ṣé ẹ gbọ́? Tèmi ló mọ́ jù!"

"Bùrọ̀dá, kí lẹ kọ ránṣẹ́?" mo bi í.

"Ohun tó yẹ èèyàn bíi tèmi! Ṣé kí n máa kọ òdo, òdo, òdo, bí ọmọ tó fèìlì ìdánwò?"

"Odò tó bá dọ̀tí jù ló máa gba kòtò o!"

Ó dáwọ́ àtẹ́wọ́ dúró. "Ìgbà wo ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sọ ọ́," Màmá Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́."

Ẹlòmíràn á bẹ̀bẹ̀. Bùrọ̀dá ní kí wọ́n fi ọ̀gá náà sílẹ̀ fún òun. Ó lọ jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, ó rán ṣòkòtò funfun kan tó mọ́ gbòò, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi gún bí ọ̀bẹ, nítorí àlejò.

Òjò rọ̀ gan-an lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọ̀gá ọ́fíìsì omi dé láàárọ̀. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó wọ awò ojú, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. Fọ́ọ̀mù Bùrọ̀dá wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ tẹ̀ lé wọn dé ẹnu gọ́tà.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀yin ni Akọni Odò?"

"Èmi ni, mà. Ẹja gan-an..."

"Ẹ kọ ọ́ síbí pé àwo yín wọ omi ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá kó tó pòórá."

Gbogbo wa wo odò. Lókè odò díẹ̀, adìẹ kan ń rìn kọjá nínú rẹ̀, omi kò sì kan ìyẹ́ rẹ̀.

"Omi ti fà, mà," ni Bùrọ̀dá wí.

"Láti ìgbà tí ẹ kọ ọ́? Pẹ̀lú òjò àná?"

"Omi ibí yìí máa ń yára fà."

"Kòkòrò mẹ́tàlélógójì lábẹ́ òkúta kan?"

"Wọ́n ń bímọ, mà. Wọn kì í sinmi."

Obìnrin náà ti awò ojú rẹ̀ sókè. "Ọ̀sẹ̀ kẹfà, igba. Ẹ tún ní ọ̀kan nínú wọn juwọ́ sí yín."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi, mà."

Mo sá lọ sẹ́yìn Màmá Nọ́ọ̀sì kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wọ inú omi, kí ẹ fi bí ẹ ṣe ń ṣe é hàn mí."

Bùrọ̀dá gbé àwo. Okùn rẹ̀ ṣì wà ní dídì bí wọ́n ṣe fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò tíì tú u rí. Obìnrin náà rí i, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bùrọ̀dá fi eyín tú ìdè náà, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé òkúta.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan tí kò tó àtàǹpàkò mi fò jáde látinú koríko, ó bà lé bàtà rẹ̀.

"Yéè! Mo gbé! Ó ti mú mi lẹ́sẹ̀!"

Ó fò sókè, àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sétí odò. Ibi tó balẹ̀ sí kọ́ ni òkúta. Àárín ẹnu gọ́tà ni, níbi tí ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì ọdún mélòó kan jókòó sí, ó sì rì dé ìbàdí. Okùn àwo yẹn la jù sí i, tá a fi fà á jáde. Ọjọ́ náà nìkan ni okùn yẹn ṣiṣẹ́. Bàtà rọ́bà kò tẹ̀ lé e bọ̀.

Nígbà tó dúró tán, láti ẹsẹ̀ títí dé ibi bẹ́líìtì, ṣòkòtò funfun ti dúdú kirikiri. Ọ́ìlì ń kán, ọ̀rá kan sì yọ orí jáde látinú àpò. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ṣòkòtò náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yọ rúlà, ó wọn ibi tí ẹrẹ̀ dé.

"Sà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ṣòkòtò yẹn."

"Ẹn?"

"Ẹ̀rí tí mò ń wá nìyẹn. Ìgò tí mo fẹ́ fi bu omi lọ kéré, ṣòkòtò yín ni n óò gbé lọ."

Ẹ̀yìn koríko ló ti bọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ju ìborùn rẹ̀ aláwọ̀ pupa sí i, òun ló ró lọ sílé láìwọ bàtà. Gbogbo ilé tó máa ń kí ní Sátidé ló jáde wá kí i padà: "Akọni Odò, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà tún dé. Àwa la gba kòtò! Màmá Nọ́ọ̀sì ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi àkọsílẹ̀ ẹnu gọ́tà mọ́ ọn: wọ́n ti fagi lé ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìkẹjọ, wọ́n sì kọ ìlà kan ṣoṣo sísàlẹ̀: "Ṣòkòtò kan, funfun tẹ́lẹ̀."

Bùrọ̀dá bá tún dìde.

"Ẹ rí i bí? Mo mọ̀ọ́mọ̀ bẹ́ sínú ẹrẹ̀ yẹn ni! Ọ̀pọ̀lọ́ tó dojú kọ mí yẹn tó ewúrẹ́, ẹ bi ìyàwó mi!"

Bọ́tìnnì ni ẹ̀gbọ́n mi ń gán mọ́ aṣọ lọ́wọ́, kò gbé orí sókè.

"Màmá, ẹ bá mi bẹ ọ́fíìsì kí wọ́n dá ṣòkòtò yẹn padà o. Nínú gbogbo ohun tó wà lára ọkọ mi, òun nìkan ló sọ òtítọ́ rí."