Pupuru Tí Kì Í Bu

Ẹ̀yìnkùlé Hàwáù nìyí ní Igbotako, lásìkò òjò. Ó jókòó ti àpò ọ̀rá ńlá kan tí ó kó pupuru tí ó ń tà sí, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n mọ róbótó, tí wọ́n fi èéfín iná yan gbẹ. Àìṣát, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwé gíga kan, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

HÀWÁÙ: Wọ́n ní ìyẹ̀fun funfun kan wà lọ́dọ̀ yín, tí èèyàn bá fi ìka mẹ́ta bù ú wọ́n pupuru, ọdún méje ni kò fi ní í bu! Wọ́n ní òun ni Dora ti Akotogbo lò. Pupuru tó ṣe lọ́dún tó kọjá, àfi bíi ti àná!

ÀÌṢÁT: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Màmá?

HÀWÁÙ: Gbogbo ìlú Àyèká ti gbọ́. Ìwọ tó o jókòó tì í ni ò sọ fún wa! Wò ó, ogún ti bu nínú ọgọ́ta. Lọ́la ni oníbàárà mi ń bọ̀ láti Èkó wá kó ogójì. Ó ní tí òun bá tún fi lè rí ebu, ọ̀dọ̀ Judith lòun ń lọ. Judith o! Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ pupuru!

(Àìṣát yọ ìgò kékeré kan nínú báàgì. Hàwáù nawọ́.)

ÀÌṢÁT: Ẹ ṣe sùúrù. Sáíkílóhẹ́símáìdì lorúkọ rẹ̀.

HÀWÁÙ: Mi ò ní kó o wá sọ ọ́ lórúkọ. Bù ú wá!

ÀÌṢÁT: Ẹ kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ yìí, ó ń gba awọ ara wọlé. Ẹ fi èyí bo imú, ó ń bá èémí wọlé. Gíláàsì rèé, ẹ fi bojú. Ẹ wọ kóòtù yìí lé ìró yín.

HÀWÁÙ: (láti inú ìbomú) Àìṣá, ṣé pupuru ni mo fẹ́ wọ́n nǹkan sí, àbí oyin ni mo fẹ́ lọ kó?

ÀÌṢÁT: (ó gbé fóònù sókè) Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

HÀWÁÙ: Fọ́tò kọ́! Iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an?

ÀÌṢÁT: Kòkòrò àìfojúrí kan nínú ilẹ̀ ló ń pèsè rẹ̀. Tá a bá ń wá bakitéríà nínú ilẹ̀ oko ẹ̀gẹ́, a máa ń fi bíńtín sí i kí ebu má baà gba àwo àyẹ̀wò mọ́ wa lọ́wọ́.

HÀWÁÙ: Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ń dá ebu dúró!

ÀÌṢÁT: Ó lè dá èèyàn náà dúró. Ó lè ṣe oyún níjàm̀bá. Eku gan-an, tó bá tọ́ ọ wò, á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

HÀWÁÙ: Omi gbígbóná á pa á, tí wọ́n bá ń ṣe é jẹ.

ÀÌṢÁT: Àwa máa ń sè é, Màmá, kò sì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

HÀWÁÙ: Bíńtín tiyín yẹn náà ńkọ́?

ÀÌṢÁT: Ó dáa. Ọwọ́ yín ti wọ ìbọ̀wọ́. Ìfun oníbàárà yín ńkọ́, ta ló máa wọ̀ ọ́ fún un?

(Hàwáù fa ọwọ́ padà díẹ̀díẹ̀, ó sì fò sẹ́yìn.)

HÀWÁÙ: Áúdù bílà! Kí Ọlọ́run ṣọ́ wa! O wá gbé e wọ ilé mi!

ÀÌṢÁT: (ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a) Iyọ̀ ni, mo ti gbọ́ ìròyìn yẹn kí n tó wá. Èyí tòótọ́ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa.

HÀWÁÙ: (ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi nà án) Ọmọ yìí! O jẹ́ kí n máa làágùn lásán!

ÀÌṢÁT: Pupuru yín náà ń làágùn nínú ọ̀rá yẹn. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi tètè gbé e kúrò lórí àjà iná kó tó gbẹ dáadáa?

HÀWÁÙ: Kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dúdú ni. Ará Èkó fẹ́ràn funfun.

ÀÌṢÁT: Wọ́n ṣáà máa họ ẹ̀yìn náà dànù! Ẹ sọ ogún tó bu nù, ká dá ogójì padà sórí iná di àárọ̀.

(Wọ́n ń tò ó sórí àjà. Èéfín ń ta Àìṣát lójú. Hàwáù ò bọ́ gíláàsì tirẹ̀.)

HÀWÁÙ: Gíláàsì yìí ti di tèmi. Ṣùgbọ́n Dora ńkọ́? Ọdún kan gbáko, kò bu!

ÀÌṢÁT: Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Orí àjà iná ni pupuru Dora wà látọdún tó kọjá. Kò sẹ́ni tó rà á.