Bí Ọdẹ́túnjí Ṣe Ṣẹ́gun Ojú Abẹ́rẹ́

Ẹ wárí fún Ọdẹ́túnjí! Ọmọ Ọdẹ́sọlá, ọmọ-ọmọ ọkùnrin tó sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú igbó, tí etu méjì ṣubú lulẹ̀, tí wọ́n rò pé ìbọn ló dún. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, agùntáṣọọ́lò, ẹni tó ń rìn bọ̀ tí ilẹ̀ ń tọrọ gáfárà!

Ọ̀mọ̀wé Kúfórìjí, olùkọ́bìnrin tó ń kọ́ wọn ní ìbánisọ̀rọ̀ láàrin onírúurú àṣà, ló rán akọni wa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣèrànwọ́ nílé àwọn ogunléndé kan l'Ábẹ́òkúta, kí wọ́n lè fọwọ́ kọ́ ohun tí ìwé ò lè kọ́ wọn. Ó ní, "Ẹ má lọ fi gírámà dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni o. Ẹ lajú, ẹ tẹ́tí."

Níbẹ̀ ni wọ́n ti bá Màmá Ngalula, arúgbó tí ogun lé kúrò ní Kóńgò, tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ògbufọ̀ ilé náà sì ti rìnrìn àjò. Màmá dijú kan, ó ṣu ìka jọ, ó ń tì í síwájú, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.

"Ojú ló ń dùn wọ́n!" Bùsáyọ̀, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, figbe ta. "Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ ọsibítù!"

Wọ́n gbá màmá lápá mú. Màmá gbá òpó mú.

Ìgbà náà ni Ọdẹ́túnjí, ìjì tí í gbé ọlọ, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò. Ó rí yunifọ́ọ̀mù kékeré lórí itan màmá, apá rẹ̀ ti ya pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Ó rí Kapinga, ọmọ-ọmọ màmá, tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iléèwé láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, tó wọ ṣíìmí, tó sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó rí òwú. Ó rí abẹ́rẹ́.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Kì í ṣe ojú ló ń dùn wọ́n, ojú abẹ́rẹ́ ni wọn ò rí!"

Ogun dé! Ọdẹ́túnjí fi itọ́ pọ́n òwú bí ológun ṣe ń pọ́n idà. Ó rọ́ lu abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ yẹ̀ ẹ́. Ó tún rọ́ lù ú, òwú yanu bí ìgbálẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ! Òógùn bò ó bí òjò àárọ̀kùtù. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n lé e padà lẹ́nu ibodè. Nígbà keje ó séèémí, Bùsáyọ̀ séèémí, màmá pàápàá séèémí.

Òwú wọlé ṣìnrìn!

Màmá Ngalula hó ìhó kan tí kò nílò ògbufọ̀. Ó rán aṣọ náà wàrà wàrà, Kapinga sì fò jáde lọ síléèwé, apá kan yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ wọ́ díẹ̀.

Kí ayé gbọ́, kí ọ̀run jẹ́rìí: láti òní lọ, Aṣẹ́gun-ojú-abẹ́rẹ́ là ń pè é! Ẹ yà fún un lọ́nà! Àmọ́ ẹ má tíì gbé e sọ́rùn, torí àwọn arúgbó ilé náà ti tò sẹ́nu ọ̀nà, oníkálùkù pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́.