Bí Mo Ṣe Fi Ilé Onílé Pe Àlejò ní Kútọnu

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ohun tí ojú mi ti rí láti ìgbà tí mo ti dé Kútọnu, Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́, mi ò ní bínú. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ẹ̀rín mi kì í pẹ́ kó tó yí padà.

Ọmọ Ṣakí ni mí, irun ni mo ń dì. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo háyà ní Fidjrossè, níbi tí òkun ò jìnnà, tí àwọn tó ń lọ gbafẹ́ létíkun máa ń gba iwájú wa kọjá ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni ṣọ́ọ̀bù mi. Obìnrin tó ń lọ sétí òkun, tó bá ti rí dígí mi àti àga mi, á fẹ́ kí n kọ́kọ́ bá òun tún orí ṣe kí atẹ́gùn tó tú u ká. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí yàrá yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, oúnjẹ bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé èmi tí ọ̀rọ̀ kàn ò fi í sọ́kàn tó.

Bàbá onílé wa, Nàgó láti Pobè ni, mùsùlùmí òdodo, tó ṣe akọ̀wé ní èbúté ọkọ̀ òkun títí tó fi fẹ̀yìn tì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í pariwo, àmọ́ ó lófin. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà nínú àgbàlá, balùwẹ̀ kan, ilé ìgbẹ́ kan, fún gbogbo ayálégbé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gba àlejò sílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un. Èmi ti jẹ̀bi rí tẹ́lẹ̀: irun àwọn oníbàárà mi ló dí gọ́tà, tí omi ìdọ̀tí fi ya wá síbi tí Bàbá ti ń ṣe àlùwàlá. Ó pè mí, ó ní, "Ìyá Onídìrí, mo ti fi èyí jì yín. Tí òmíràn bá tún tẹ̀lé e, ẹ ó wá ilé míì ni."

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n gbé gbólóhùn tuntun kan jáde tí wọ́n fi ń pe àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ wá sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó lójú títì, pẹ̀lú àwòrán òkun àti ọmọge kan tó ń rẹ́rìn-ín. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, àmọ́ bá a bá sọ ọ́ lédè wa, ohun tó ń wí kò ju pé, "Ẹ wọlé, ilé yín ni." Ládùúgbò wa, tí àjèjì pọ̀ sí, a fi gbólóhùn náà ṣe ẹjọ́ tí a ń dá nírọ̀lẹ́. Kọ́bínà, ọmọ Gánà tó ń fi àwọ̀n pẹja, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ní ẹni tó bá sọ fún òun pé ilé òun ni, kó gbé ìwé ilé wá. Ó ní irun òun ti ń funfun ní Kútọnu, síbẹ̀ ọlọ́pàá kan ò tíì rí òun kó má béèrè káàdì. Màdáámù Sọntáàlì, obìnrin Faransé tó ń gbé ilé alájà ẹ̀gbẹ́ wa, gbé orí síta lójú fèrèsé, ó ní, "Ó dùn létí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń bá wí? Àwa tá a ti wọlé ni, àbí àwọn tó ṣì wà lóde?"

Èmi nìkan ni mo gbèjà gbólóhùn náà. Mo ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni, ta ni kì í sọ ọ́ fún àlejò? Mo sọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n sanwó fún. Kọ́bínà kàn ń wò mí, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe.

Kò pẹ́ sí i ni ọmọbìnrin kan dé, Ramíyátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ṣakété. Àwọn tó ń ṣe fídíò ìpolówó ló rán an, kó wá àwọn àjèjì tó ń gbé Kútọnu rí, kí kálukú fi èdè ara rẹ̀ pe àwọn ará ilé rẹ̀ wá ṣe fàájì. Kọ́bínà ní òun ò ní ará ilé kankan tí òun fẹ́ pè. Màdáámù Sọntáàlì sọ pé ojú ọjọ́ dára, ó sì ti fèrèsé. Ó wá ku èmi. Gàrí àti ẹja díndín ni mò ń jẹ nígbà tó wọlé, mo sì ní, "Ẹ wá jẹun o." Ó fèsì pé, "Á gba ibi ire, Tàǹtí." Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mi ò retí kó mú ṣíbí, òun náà ò sì wo inú abọ́. Àwa méjèèjì mọ ohun tá à ń ṣe.

Ó gbé kámẹ́rà jáde. Mo wé gèlè, mo pa àtíkè, mo jókòó síwájú dígí. "Tàǹtí, ẹ sọ ọ́ bó ṣe wà nínú yín," ni Ramíyátù wí. Háà, ẹ̀yin èèyàn mi, ó wà nínú mi lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ẹ̀yin ará ilé, Kútọnu dùn o. Bí ẹ bá dé, ẹ má wá òtẹ́ẹ̀lì kankan lọ. Ẹ ṣáà ní kí ọlọ́kadà gbé yín lọ sí Fidjrossè, lọ́dọ̀ Ìyá Onídìrí, ní ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Yàrá wà, oúnjẹ wà, atẹ́gùn òkun wà. Ẹ wọlé, ilé yín ni." Ramíyátù pàtẹ́wọ́. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Kọ́bínà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ní, "Ọ̀rẹ́ mi, àwa náà máa ń ní kí èèyàn wá jẹun nílé wa. A kì í júwe ọ̀nà ilé ìdáná fún un." Mo ní ìlara ló ń ṣe é.

Fídíò yẹn dé orí fóònù gbogbo èèyàn ní Ṣakí kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Wọ́n ń pè mí láti ilé, wọ́n ń kí mi kú oríire, wọ́n ń pè mí ní aṣojú wa. Mo ń dáhùn pé, "Ẹ máa bọ̀ o, mò ń retí yín." Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ bá ní kí n wí?

Àárọ̀ Sátidé kan, mi ò tíì gbálẹ̀ tán, ọlọ́kadà méjì dúró níwájú ilé. Ọkọ àti ìyàwó tuntun ló sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn tí mi ò mọ̀ rí. Ọkọ dọ̀bálẹ̀, ìyàwó kúnlẹ̀. Ọkọ ní àwọn rí mi nínú fóònù, àwọn sì sọ fún ara àwọn pé kò síbi táwọn á ti ṣe fàájì ìgbéyàwó àwọn bí kò ṣe ọ̀dọ̀ mi. Ẹnu mi ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà," inú mi sì ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa lọ. Àmọ́ ta ló ń bi àlejò bẹ́ẹ̀? Mo kó àwọn aṣọ mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi yàrá sílẹ̀ fún wọn.

Mo ṣì ń se omi tíì ni Bàbá Tíṣà dé, ọ̀gá ilé-ìwé tó kọ́ ìyá mi ní ìwé ní Ṣakí. Ó ní òun ò fẹ́ kú láìrí òkun. Ó mú àkùkọ kan dání fún mi. Bí mo ṣe ń tú okùn ẹsẹ̀ àkùkọ yẹn kí n lè fún un lómi, ó fò, ó gun orí okùn aṣọ, ó bà lé ẹní ìkírun Bàbá onílé tí wọ́n sá síbẹ̀, ó sì yàgbẹ́ sí i. Mo fọ ẹní náà, mo tún un sá, ó rin gbindin. Bẹ́ẹ̀ Bàbá onílé máa ń kárí àgbàlá ní gbogbo Sátidé lẹ́yìn ìrun àsárì.

Mo ní bí mo bá fi ọgbọ́n darí wọn, kí gbogbo wọn lọ sétíkun títí ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà á kọjá. Mo ti ń wá bàtà Bàbá Tíṣà nígbà tí ọkọ̀ akérò kan fẹ̀yìn wọ iwájú ilé wa. Ẹgbẹ́ obìnrin kan ni láti Ọ̀yọ́, ẹgbẹ́ alájọ, wọ́n fẹ́ ra ọjà ní Dantokpa lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sì fẹ́ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ mi kó tó di ìgbà náà. Wọ́n gbé kúlà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé sítóòfù, wọ́n gbé ẹní. Wọ́n tò sẹ́nu ilé ìgbẹ́. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi, wọ́n wẹ̀, wọ́n fọ ìrẹsì, títí omi fi ń kán tó-tó-tó, tó sì dá. Kọ́bínà dé láti etí òkun pẹ̀lú iyanrìn lára, ó wo ẹ̀rọ omi, ó wò mí, ó sì gbé iyanrìn rẹ̀ wọ yàrá lọ. Ì bá sàn fún mi ká ló bú mi.

Mo wá jókòó sórí àpótí, mo fẹ́ sunkún. Ibẹ̀ ni èṣù ti fi ọgbọ́n kan sí mi lórí. Mo ní kí gbogbo wọn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí Bàbá bá dé, oníbàárà ni wọ́n. Mo tú gèlè àwọn obìnrin, mo fi kóòmù sí orí tibí, mo la ti tọ̀hún sí méjì, n ò di ọ̀kan tán. Bàbá Tíṣà, níbi tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, lọ jókòó sórí àga tó wà níwájú dígí, ó so táwẹ̀lì mọ́ ọrùn. Orí rẹ̀ pá, ó ń dán.

Bàbá onílé wọlé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó kí wa, a kí i. Ó ní, "Ìyá Onídìrí, ọjà yá lónìí."

Mo ní, "A dúpẹ́, Bàbá. Oníbàárà ni gbogbo wọn."

Ó wo Bàbá Tíṣà títí. "Àwọn yìí náà wá dirun?"

"Rárá o, Bàbá. Wọ́n sin ìyàwó wọn wá ni."

"Ó dáa. Èwo ni ìyàwó wọn?"

Obìnrin méjì nawọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, láti ṣe mí lóore. Nígbà tí wọ́n rí ara wọn, àwọn méjèèjì tún sọ ọwọ́ kalẹ̀. Mo gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu, àmọ́ símẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi.

Ibẹ̀ ni ọkọ ìyàwó tuntun, tí mo ti gbàgbé pé ó wà nínú yàrá, ti jáde, tí kò mọ ohun tó ń lọ, tó wọ ṣòkòtò ìwẹ̀. Ó rí àgbàlagbà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ilé rere sì ló ti jáde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ má dúró síta. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ilé yín ni."

Bàbá ní, "Mo mọ̀."

Bàbá Tíṣà rò pé Bàbá onílé ò tíì mọ irú èèyàn pàtàkì tí mo jẹ́. Ó yọ fóònù jáde, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun wá wo bí ọmọ àwọn ṣe ń gbé orúkọ ìlú méjèèjì ga. Mo ń ṣẹ́jú sí i, kò rí mi. Bàbá onílé di fóònù náà mú, ó wo gbogbo rẹ̀ dópin. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi: yàrá wà, oúnjẹ wà. Nígbà tó tán, ó dá fóònù padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, "Bọn, ó dáa. Ìyá Onídìrí, ilé ta ni ẹ fi ń pe àlejò?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, Bàbá, bí a ṣe máa ń wí i ni. Àwọn obìnrin Ọ̀yọ́ kúnlẹ̀ tì mí pẹ̀lú ìlàjì irun dídì lórí wọn. Ó ní àwọn àlejò ò ṣẹ̀, kí wọ́n sùn, kí ilẹ̀ mọ́ bá wọn ní àlàáfíà. Ó ṣàdúrà fún ìyàwó tuntun. Ó wá ní kí èmi wá ilé míì kí oṣù tó parí. Kò jágbe mọ́ mi rárá. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, torí pé mi ò rí ohun tí mo lè fi bínú sí i.

Àwọn àlejò lọ pẹ̀lú ìdùnnú. Bàbá Tíṣà rí òkun, ó dúró sínú omi pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀, ó ń sunkún, ìyẹn ni mi ò kábàámọ̀. Mo pe Ramíyátù pé kó bá mi yọ fídíò náà kúrò. Ó ní, "Tàǹtí, tiyín ni wọ́n fẹ́ràn jù," ó sì fi ẹ̀wù kan ránṣẹ́ sí mi tí wọ́n kọ gbólóhùn náà sí láyà. Mo fi í nu ilẹ̀ yàrá náà lọ́jọ́ tí mo kó jáde.

Yàrá tí mo rí jìnnà sókun, ẹ̀yìn ilé ni, kò kọjú sí títì, oníbàárà ò mọ̀ mí níbẹ̀. Títí di òní, ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń jókòó ti dígí mi láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tó sì jẹ́ pé orí ara mi nìkan ni mo ń rí nínú rẹ̀. Ọgbọ́n tí mo kọ́ ò ju èyí tí àwọn àgbà ti sọ lọ: ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá ní ilé yín ni, tí ẹ ń wo ojú mi, ẹ ó mọ ibi tó mọ. Kámẹ́rà ò mọ̀. Pátákó ojú títì náà ò mọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ń kó ẹrù, Bàbá onílé fúnra rẹ̀ bá mi di dígí mú kó má fọ́. Ayálégbé tuntun ti ń gbé fómù rẹ̀ wọlé bí èmi ṣe ń gbé àga mi jáde, a sì pàdé lẹ́nu ọ̀nà, a yà fún ara wa. Bàbá ní, "Ẹ má jẹ́ a pàdánù yín o, Ìyá Onídìrí. Ẹ máa yà. Àyè yín wà níbí nígbàkigbà."

Mo wo fómù, mo wo Bàbá. Mo mọ̀ dájú pé kò sí àyè kankan. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà tù mí lára débi pé mo bú sẹ́rìn-ín, mo sì ń fi etí gèlè nu ojú mi bí ọkọ̀ ṣe ń gbé mi lọ.