Ènì Tó Da Oko Sùnmọ́nù Rú

Nínú oko kan lẹ́yìn àdúgbò Adégbàyí, Sùnmọ́nù to àwọn ọmọ kòkó inú ọ̀rá sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, ó tún ń tú wọn ká. Òjò ń ṣú bọ̀. Tíṣà Jonathan, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì, ń kọjá lọ sílé.

"Sùnmọ́nù, o kú iṣẹ́. Ìgbà wo lo fẹ́ gbìn wọ́n?"

"Ẹ káàbọ̀ sà. Bàbá Fẹ̀yìntọlá àfẹ́sọ́nà mi ń bọ̀ wá wo oko mi lọ́la. Wọ́n ní ẹni tí ìlà oko rẹ̀ ò bá dọ́gba, àwọn ò ní fún un lọ́mọ."

"Kí ló wá dé?"

"Mo tò wọ́n ní méjì-méjì, ó ku ọ̀kan. Mẹ́ta-mẹ́ta, ó ku ọ̀kan. Mo tò ó dé mẹ́wàá-mẹ́wàá, ọ̀kan náà ló ń kù! Àbí wọ́n ti fi nǹkan sí i ni?"

"Mélòó ni gbogbo wọn?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀tàlá ó lé mọ́kànlélógún."

Tíṣà gbé àpò sílẹ̀, ó fi igi kọ 2,521 sórí ilẹ̀. Ó pín in síwá, ó pín in sẹ́yìn, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Alágídí nọ́ńbà rèé! Kò sí iye tó lè pín in dọ́gba àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, mi ò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi báyìí."

"Ó dùn mọ́ yín? Èmi ni wọn ò ní fún níyàwó o!"

"Fọkàn balẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni kó o gbìn ín."

"Gbogbo ẹ̀ lórí ìlà kan? Tíṣà, á dé pápá ọkọ̀ òfuurufú l'Álákíà! Ṣé orí kòkó mi ni bàálù á máa balẹ̀ sí ni?"

Tíṣà họrí. "Ta ló tà á fún ọ?"

"Ìyá Morónikẹ́ ni, lọ́nà Ṣáṣá. Wọ́n ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀tàlá ó lé ogún fún mi, wọ́n wá fi ọ̀kan ṣe ènì."

"Áà! Ènì yẹn ló dà á rú! Yọ ọ́ kúrò. Èyí tó bá kù á gba méjì, á gba mẹ́ta, títí dé mẹ́wàá, kò ní ṣẹ́ ku ẹyọ kan."

"Kí n ju ènì nù? Èèwọ̀! Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ìyá yẹn lọ́jọ́ mìíràn?"

"Ó dáa, gbé e fún mi. Èmi náà ní kòkó méjìlá lẹ́yìn ilé, ìlà mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin. Ó gún régé! Bí mo bá jí láàárọ̀, òun ni mo kọ́kọ́ ń lọ wò."

Sùnmọ́nù fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Tíṣà dúpẹ́, ó ń lọ, inú rẹ̀ ń dùn. Kò tíì rìn jìnnà tó fi dúró gbọnin. Ó fi ìka kà á, ó tún un kà, ló bá sáré padà.

"Sùnmọ́nù! Méjìlá pẹ̀lú ọ̀kan..."

"Mẹ́tàlá ni, sà."

"Méjì ò pín in. Mẹ́ta ò pín in. Mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà..." Tíṣà na ọmọ kòkó náà sí i. "Jọ̀ọ́, gbà á padà!"

Òjò ti ń kán. Sùnmọ́nù ti ń gbin ìlà àkọ́kọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Tíṣà. Ìlà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ gbìn ín."